Ọ̀rọ̀ Tí A Kò Sọ fún Ìyá Ọmọ: Òwò, Òṣèlú àti Èdè nínú Ìdánwò Oògùn Trovan ní Kano

Ìfáárà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní oògùn tí a kò fi owó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ni í gbé. Òwe yìí fi hàn pé àwọn baba ńlá wa kò ka gbígba owó lórí ìwòsàn sí ẹ̀ṣẹ̀. Oníṣègùn a máa gba owó, a máa gba ẹran, a máa gba epo àti obì, kò sì sí ẹni tí yóò torí ìyẹn pè é ní ọ̀kánjúwà. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ ṣe lámèyítọ́ ipa tí òwò àti òṣèlú ń kó nínú ìṣègùn òde-òní, kò yẹ kí á bẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé àná ni owó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọ̀nà ilé oníṣègùn. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni pé: nígbà wo ni owó ń ṣiṣẹ́ fún aláìsàn, nígbà wo sì ni aláìsàn ń ṣiṣẹ́ fún owó láìmọ̀?

Èrò tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí ni pé inú ọ̀rọ̀ ni a ti lè rí ààlà tí ó wà láàrin méjèèjì. Òwò àti òṣèlú kì í pariwo wọ ilé-ìwòsàn. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n máa ń bá wọlé: ọ̀rọ̀ tí a sọ fún aláìsàn, ọ̀rọ̀ tí a fi pamọ́ fún un, àti ọ̀rọ̀ tí a kọ sínú ìwé ní èdè tí kò gbọ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ọ̀ràn náà kì í ṣe ti dókítà àti agbẹjọ́rò nìkan. Ó kan àwa tí ẹ̀kọ́ èdè jẹ́ iṣẹ́ wa gbọ̀ngbọ̀n.

Láti fi ìdí èrò yìí múlẹ̀, a ó gbé ìdánwò oògùn Trovan, tí ilé-iṣẹ́ Pfizer ti Amẹ́ríkà ṣe ní ìlú Kano ní ọdún 1996, yẹ̀ wò. Ìdí méjì ni a fi yàn án. Èkíní, ilẹ̀ wa níhìn-ín ni ó ti ṣẹlẹ̀, ohun tí a sì ti kọ sílẹ̀ nípa rẹ̀ kò kéré. Èkejì, orí ọ̀rọ̀ ẹnu ni ìdí àríyànjiyàn rẹ̀ dúró lé: ṣé wọ́n sọ fún àwọn òbí ni, àbí wọn kò sọ?

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Kano

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1996, àjàkálẹ̀ àrùn lọ́rùnlọ́rùn, èyí tí í máa mú awọ tí ó bo ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn, bẹ́ sílẹ̀ ní ìhà àríwá Nàìjíríà. Àwọn tí ó mú ju 100,000 lọ. Àwọn tí ó pa ju 11,000 lọ. Àwọn ọmọdé ni ó hàn léèmọ̀ jù. Ní ilé-ìwòsàn àwọn alárùn àkóràn tí ó wà ní Kano, èrò pọ̀ ju ibùsùn lọ. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà aláàánú tí a ń pè ní Médecins Sans Frontières ti wà níbẹ̀, wọ́n ń fún àwọn aláìsàn ní chloramphenicol lọ́fẹ̀ẹ́, oògùn olówó pọ́ọ́kú tí a ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ sí àrùn náà tipẹ́tipẹ́.

Ní oṣù kẹrin ọdún náà ni ikọ̀ Pfizer dé sí ọgbà ilé-ìwòsàn yìí kan náà. Trovan ni wọ́n gbé wá. Oògùn náà kò tíì gba àṣẹ títà ní Amẹ́ríkà nígbà náà, ṣùgbọ́n àwọn tí ń wo ojú ọjà ti ń sọ pé ó lè mú bílíọ̀nù kan dọ́là wọlé lọ́dún. Ohun tí ilé-iṣẹ́ náà ń wá ni ẹ̀rí pé oògùn náà yóò jẹ́ lára ọmọdé. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ tí àrùn yìí ń mú kò pọ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni ibi tí wọ́n wà. Kí wọ́n tó pé 200, ó lè gba ọdún púpọ̀. Ní Kano, wọ́n sùn lọ bẹẹrẹ lójú kan.

Ọmọ 200 ni wọ́n kó sínú ìdánwò náà. Wọ́n fún 100 ní Trovan, wọ́n sì fún 100 yòókù ní ceftriaxone, oògùn tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n lè fi èkíní wé èkejì. Ọmọ 11 ni ó kú: 5 nínú àwọn tí ó gba Trovan, 6 nínú àwọn tí ó gba ceftriaxone. Àwọn òbí sọ pé nínú àwọn tí ó yè, àwọn kan fọ́jú, àwọn kan dití, àwọn kan sì rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀.

Ó yẹ kí lámèyítọ́ tí ó bá fẹ́ ṣe òdodo dúró díẹ̀ níhìn-ín. Pfizer sọ pé iye àwọn ọmọ tí ó kú nínú ìdánwò náà kò tó iye tí à bá retí nínú àjàkálẹ̀ náà, pé àrùn lọ́rùnlọ́rùn fúnra rẹ̀ a sì máa sọ ọmọ di odi àti afọ́jú. Òtítọ́ ni pé àrùn náà a máa ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó ta ko ilé-iṣẹ́ náà sọ pé wọ́n dín ceftriaxone kù kí Trovan lè dára lójú. Ilé-iṣẹ́ náà ní iye tí àwọn fún wọn tó. Ẹni tí ó bá wá ké gbàjarè pé Trovan ni ó pa àwọn ọmọ Kano ti sọ kọjá ohun tí 5 àti 6 lè jẹ́rìí sí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi 5 àti 6 yìí pa ẹjọ́ náà rẹ́ ti gbàgbé ìbéèrè. Gbogbo wọn gbà pé ìdánwò ni. Ohun tí a ń bèèrè ni bóyá ìyá ọmọ mọ̀ pé ìdánwò ni.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1997, àjọ tí ń ṣe kòkáárí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà fi àṣẹ sí i pé kí wọ́n máa ta Trovan fún àgbàlagbà. Wọn kò fi àṣẹ sí i fún ọmọdé rárá. Ní oṣù kẹfà ọdún 1999, nígbà tí ó hàn pé ó ń ba ẹ̀dọ̀ àwọn kan jẹ́ títí dé ojú ikú, àjọ náà pàṣẹ pé kìkì àwọn tí àìsàn wọn le gidi ní ilé-ìwòsàn ni kí wọ́n máa fún. Ní ọdún yìí kan náà ni ilẹ̀ Yúróòpù dá títà rẹ̀ dúró.

Ọ̀rọ̀ tí a sọ àti ọ̀rọ̀ tí a kò sọ

Ní oṣù kejìlá ọdún 2000 ni ìwé ìròyìn Washington Post tú ọ̀rọ̀ náà síta. Àlàyé ilé-iṣẹ́ náà ni pé àwọn nọ́ọ̀sì ọmọ Nàìjíríà ṣàlàyé fún àwọn òbí ní èdè wọn, wọ́n sì fi ẹnu gbà, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé. Àlàyé àwọn òbí kan ni pé àwọn kò mọ̀ pé ìdánwò ni. Àwọn rò pé ìtọ́jú lásán ni, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún àwọn pé oògùn tí a ti mọ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ọgbà kan náà.

Èdè Hausa ni èdè Kano, a kò sì sí níbẹ̀ láti gbọ́ bí nọ́ọ̀sì ṣe sọ ọ́. Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ wa ni láti gbé ọ̀ràn náà wá sí èdè tiwa, kí á bi ara wa pé: ká ní Ìbàdàn tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ ni, irú ọ̀rọ̀ wo ni ìyá ọmọ ì bá gbọ́? Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni a ó yẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ kìíní ni *tuntun*. Ní ojú ọjà, oríyìn ni ọ̀rọ̀ yìí. Aṣọ tuntun dára ju àkísà lọ. Ọkọ̀ tuntun dára ju ògbólógbòó lọ. Ẹni tí ń polówó oògùn nínú ọkọ̀ èrò mọ èyí dájú, òun ni kì í ṣeé gbàgbé láti sọ pé tuntun ni tòun. Ṣùgbọ́n nínú ìmọ̀ ìṣègùn, oògùn tuntun ni oògùn tí a kò tíì mọ ìdí rẹ̀ tán. Bí dókítà bá sọ pé oògùn tuntun kan ti dé, ìyá ọmọ yóò gbọ́ pé ọmọ òun rí ojúrere gbà. Irọ́ kò sí nínú gbólóhùn náà, síbẹ̀ ó ti tan ìyá jẹ. Níhìn-ín ni èdè òwò ti wọ aṣọ èdè ìṣègùn tí a kò fi dá a mọ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì ni *ìdánwò*. Bí a bá sọ fún ìyá pé ìdánwò ni, ṣé yóò yé e? Ọmọ ilé-ìwé ni í ṣe ìdánwò. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ohun tí Èṣù fi ń wá ìṣubú ènìyàn ni ìdánwò. Ìtumọ̀ méjèèjì kò kan oògùn. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé èdè wa kò ní ohun tí a lè fi sọ ọ́. Yorùbá a máa ní oògùn *jẹ́* tàbí kò *jẹ́*. Ọ̀rọ̀-ìṣe kékeré yìí jinlẹ̀: oògùn tí ó jẹ́ ti dáhùn sí ohun tí a fi ṣe, bí ìgbà tí a pe ènìyàn tí ó sì jẹ́ wa. Nítorí náà, òtítọ́ tí ó yẹ kí ìyá Kano gbọ́ kò ju gbólóhùn kan lọ ní èdè Yorùbá: a kò tíì mọ̀ bóyá oògùn yìí yóò jẹ́ lára ọmọdé. Kò sí ọ̀rọ̀ ìmọ̀-ìjìnlẹ̀ kankan níbẹ̀. Bí a kò bá wá rí i sọ, kì í ṣe èdè ni ó kù díẹ̀ káàtó.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni *gbà*. Wọ́n ní àwọn òbí gbà. Àwa tí a mọ àṣà ìbọ̀wọ̀ fágbà mọ̀ pé "ẹ ṣeun, dókítà" tàbí "bẹ́ẹ̀ ni, sà" kì í fi ìgbà gbogbo túmọ̀ sí pé mo ti rò ó, mo sì yàn án. Ẹni tí ó gbé ọmọ tí ń gbọ̀n rìrì wá láti òru, tí ó dúró níwájú ẹni tí ó wọ aṣọ funfun, tí ó sì ń bẹ̀rù pé bí òun bá ṣe àṣejù wọn yóò lé òun padà, yóò gbà. Àìsàn ni à á wò, a kì í wo ikú. Ẹni tí ó rí ikú lọ́ọ̀ọ́kán kò ní bèèrè irú oògùn tí wọ́n fẹ́ fún un. Gbígbà tí ó tẹ̀lé ìbẹ̀rù àti ìbọ̀wọ̀ kò lè dúró fún ìyọ̀ǹda tí ó ti inú òye wá. Ìyọ̀ǹda tòótọ́ kò sí níbi tí ẹni tí a ń bi léèrè kò ti mọ̀ pé òun lè sọ pé rárá.

Ìwé tí a kọ lẹ́yìn ọjọ́

Lẹ́tà kan wà nínú ọ̀ràn yìí tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ èdè kà gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ka ìtàn àròsọ. Déètì tí ó wà lórí rẹ̀ ni ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 1996. Ohun tí ó sọ ni pé ìgbìmọ̀ tí ń ṣàyẹ̀wò ìwà ẹ̀tọ́ nínú ìwádìí ní ilé-ìwòsàn náà ti fi ọwọ́ sí ìdánwò yìí. Nígbà tí àwọn akọ̀ròyìn túdìí rẹ̀, ó hàn pé ilé-ìwòsàn náà kò ní irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ lásìkò tí a ń wí yìí, àti pé lẹ́yìn tí ìdánwò ti parí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lẹ́tà náà, tí wọ́n wá fi déètì àtẹ̀yìnwá sí i.

Ẹ jẹ́ kí á fi lẹ́tà yìí wé ọ̀rọ̀ tí a sọ fún ìyá ọmọ. Lẹ́tà wà ní Gẹ̀ẹ́sì, ó ní déètì, ó ní òǹtẹ̀; àwọn aláṣẹ tí ń bẹ lókè òkun ni ó wà fún. Ọ̀rọ̀ ẹnu wà ní èdè Hausa. Fún ìyá ni, afẹ́fẹ́ sì gbé e lọ. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìwé ni ẹ̀rí, ọ̀rọ̀ ẹnu sì jẹ́ àhesọ. Síbẹ̀ èyí tí ó jẹ́ ìwé ni ó jẹ́ ayédèrú. Àwa tí a ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ alohùn ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ pé àìsí nínú ìwé kò sọ ọ̀rọ̀ di yẹpẹrẹ, pé ohùn ní ètò tirẹ̀, ó sì ní ẹlẹ́rìí tirẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Kano ni pé wọ́n lo ohùn níbi tí wọn kò ti fẹ́ ẹlẹ́rìí, wọ́n sì lo ìwé níbi tí wọ́n ti fẹ́ kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ gbà wọ́n gbọ́.

Ọwọ́ òṣèlú

Òwò nìkan kò lè dá irú iṣẹ́ yìí ṣe bí òṣèlú kò bá ṣílẹ̀kùn fún un. Ìjọba ológun ọ̀gágun Sani Abacha ni ó wà lórí àlééfà ní 1996. Oṣù díẹ̀ ṣáájú, ní oṣù kọkànlá ọdún 1995, ni ìjọba yìí pokùn so Ken Saro-Wiwa àti àwọn mẹ́jọ mìíràn, tí àjọ Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì sì dá Nàìjíríà dúró. Níbi tí òǹkọ̀wé tí gbogbo ayé mọ̀ kò ti rí ẹni gbà á sílẹ̀, ta ni ìyá tí kò mọ̀wé yóò fi ẹjọ́ sùn?

Ìjọba ológun lọ, ìjọba alágbádá dé, ìpamọ́ kò sì tán. Ìjọba àpapọ̀ gbé ìgbìmọ̀ kan dìde láti wádìí ọ̀ràn náà, ìgbìmọ̀ ọ̀hún sì parí iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2001. Ó sọ nínú àbọ̀ rẹ̀ pé ìdánwò náà lòdì sí òfin, àti pé oògùn tí a kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni wọ́n lò. Ṣùgbọ́n ìjọba kò jẹ́ kí ará ìlú rí àbọ̀ yìí. Oṣù karùn-ún ọdún 2006 ni ó tó jáde, ọwọ́ àwọn oníwèé-ìròyìn Amẹ́ríkà ni a sì ti rí i. Fún ọdún márùn-ún gbáko, ohun tí ó kan ọmọ Kano wà nínú àpótí ìjọba tirẹ̀. A kò gbọdọ̀ fi gbogbo ẹ̀bi ru àjèjì: bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Ní ọdún 2007, ìjọba ìpínlẹ̀ Kano gbé Pfizer lọ sí ilé-ẹjọ́. Ìjọba àpapọ̀ náà pe ẹjọ́ tirẹ̀, tí ó ń béèrè fún nǹkan bíi bílíọ̀nù méje dọ́là. Ní oṣù keje ọdún 2009, Pfizer àti ìjọba Kano parí ìjà sórí mílíọ̀nù 75 dọ́là: mílíọ̀nù 35 fún àwọn tí ọ̀ràn kàn, mílíọ̀nù 30 fún ètò ìlera ní ìpínlẹ̀ náà, mílíọ̀nù 10 fún ìnáwó ẹjọ́. Ilé-iṣẹ́ náà kò gbà pé òun jẹ̀bi. Oṣù kẹjọ ọdún 2011 ni ìdílé mẹ́rin àkọ́kọ́ tó gba owó, 175,000 dọ́là fún ìdílé kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí ó jẹ́ ọmọ ọdún kan nígbà ìdánwò ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún.

Yorùbá ní ẹni tí ó mọ ẹ̀bi rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Nínú àṣà wa, ìjẹ́wọ́ ni ó ṣáájú ìparí ìjà. Ẹ̀bẹ̀ tẹ̀lé e, owó ìtanràn ni ó gbẹ̀yìn. Nínú èdè òfin òwò, owó lè dé kí ìjẹ́wọ́ má dé rárá. Wọ́n san owó, wọn kò sọ ọ̀rọ̀. A lè wá rí i pé bí ọ̀ràn yìí ti bẹ̀rẹ̀ ni ó ṣe parí: ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí á sọ fún ìyá ni a kò sọ.

Àtubọ̀tán àìgbàgbọ́

Àwọn kan lè rò pé ọmọ 200 ni ọ̀ràn náà kàn mọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2003, Kano àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ní àríwá dá fífún ọmọdé ní àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dúró. Wọ́n ní àwọn òyìnbó ti pò ó pọ̀ mọ́ ohun tí ń sọ obìnrin di àgàn. Ọ̀rọ̀ yìí kò ní òtítọ́ nínú. Òṣèlú náà sì wà níbẹ̀: ẹgbẹ́ òṣèlú tí ń ṣàkóso Kano yàtọ̀ sí ti ìjọba àpapọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bi àwọn òbí ní ìdí tí wọ́n fi gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́, àwọn kan tọ́ka sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1996. Ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, bí ó bá rí ekòló, a sá.

Ó tó oṣù mọ́kànlá kí Kano tó gbà láti bẹ̀rẹ̀ padà ní oṣù keje ọdún 2004, lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ ra àjẹsára láti Indonesia, orílẹ̀-èdè tí Mùsùlùmí pọ̀ sí, tí wọ́n gbà pé kò ní dà wọ́n. Láàrin àkókò yìí, kòkòrò àrùn náà ti jáde láti àríwá Nàìjíríà lọ sí àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 2005, ó dé Indonesia fúnra rẹ̀. Ọdún 2020 ni àjọ ìlera àgbáyé tó lè kéde pé kòkòrò àrùn náà, irú èyí tí í dá rìn láàrin ìlú, ti kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà.

A kò sọ pé Trovan nìkan ni ó fa èyí. Ohun tí a ń sọ ni pé ìgbẹ́kẹ̀lé jẹ́ ara oògùn. Àjẹsára dára, ó ń gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n ó ní láti gba ẹnu ọ̀nà tí ẹlòmíràn ti bà jẹ́ wọlé. Ẹni tí ó fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ìyá kan ní 1996 ti gba òótọ́ lẹ́nu àwọn tí yóò wá bá a sọ òótọ́ ní 2003.

Iṣẹ́ tí ó kan àwa onímọ̀ èdè

Òfin ti yàtọ̀ díẹ̀ báyìí. Nàìjíríà gbé ìlànà kan jáde ní 2007 lórí ìwà ẹ̀tọ́ nínú ìwádìí ìlera, Òfin Ìlera ti ọdún 2014 sì sọ ìyọ̀ǹda di dandan. Ṣùgbọ́n òfin kò lè túmọ̀ ara rẹ̀. Ẹnìkan ni yóò jókòó tì í, tí yóò gbé gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀ ní Yorùbá, ó sì ṣeé ṣe kí ẹni náà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ẹ jẹ́ kí á ká a lérò pé ilé-iṣẹ́ kan gbé fọ́ọ̀mù wá, tí ó sọ pé oògùn kan ṣì wà lẹ́nu ìwádìí, pé ó sì lè ṣe ẹ̀dọ̀ ní jàǹbá. Ògbufọ̀ lè kọ ọ́ báyìí:

(a) Oògùn tuntun nìyí, tí àwọn ọ̀mọ̀ràn ń ṣe ìwádìí ìjìnlẹ̀ lé lórí.

(b) A ń dán oògùn yìí wò lọ́wọ́. Ó lè fa àwọn nǹkan mìíràn díẹ̀ nínú ara.

(d) A kò tíì mọ̀ bóyá oògùn yìí yóò jẹ́ lára ọmọdé, a kò sì mọ gbogbo ewu rẹ̀ tán. Ó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Kí á lè mọ̀ ni a ṣe fẹ́ fún ọmọ yín. Bí ẹ kò bá fẹ́, a ó fún un ní oògùn tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, a kò sì ní bínú sí yín.

Ẹni tí ó bá ń fi gírámà nìkan máàkì yóò fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní máàkì tí ó dára. Ìpolówó ọjà ni (a). Ìwé ìjọba ni (b): ó sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ kí ó lè ní òun ti sọ ọ́. (d) nìkan ni ó bá ìyá ọmọ sọ̀rọ̀. Ó gùn ju àwọn yòókù lọ, kò sì ní ọ̀rọ̀ ńlá kankan. Ẹni tí ó gbé fọ́ọ̀mù wá lè sọ pé (d) yóò dẹ́rù ba àwọn ènìyàn. Ìdáhùn wa ni pé bí òtítọ́ bá dẹ́rù ba ènìyàn, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kí ó bẹ̀rù.

Ohun mẹ́ta ni a dábàá. Èkíní, kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè wa sọ ìtumọ̀ fọ́ọ̀mù ìlera di ara iṣẹ́ kíláàsì. A ti ní èdè-ìperí fún gírámà àti lítíréṣọ̀. Èyí tí ó kan ẹ̀mí kò yẹ kí ó gbẹ̀yìn. Èkejì, kí ògbufọ̀ máa kọ orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù, kí ó lè mọ̀ pé òun náà jẹ́ ẹlẹ́rìí. Ẹ̀kẹta, kí fọ́ọ̀mù má ṣe dúró lórí ìwé nìkan. Kí a ka á sétí òbí níwájú ẹlẹ́rìí tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà, kí a sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ó gbọ́ padà. Bí kò bá lè sọ ọ́, kò tíì gbọ́ ọ. Bí kò bá sì tíì gbọ́ ọ, kò tíì gbà.

Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti gbìyànjú láti fi hàn pé ibi tí òwò àti òṣèlú ti ń yí ìṣègùn padà ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti yẹ kí ó wà tí kò sí. A kò sọ pé kí ilé-iṣẹ́ oògùn má jẹ èrè. Pfizer yìí kan náà wà lára àwọn tí ó mú kí penicillin pọ̀ yanturu nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Amẹ́ríkà sì ni ó ti iṣẹ́ náà lẹ́yìn. Òwò àti òṣèlú ni ó pawọ́pọ̀ níbẹ̀, ẹ̀mí àìmọye ni wọ́n sì gbà là. Bẹ́ẹ̀ ni a kò sọ pé kí ìdánwò oògùn dáwọ́ dúró, nítorí pé gbogbo oògùn tí ó jẹ́ lónìí, ẹnìkan ni ó kọ́kọ́ gbà á sára. Ohun tí a sọ ni pé kí ẹni náà mọ̀.

Ìyá tí ó gbé ọmọ rẹ̀ wá sí ilé-ìwòsàn ní 1996 kò béèrè fún owó. Gbólóhùn kan ni gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́, ní èdè tí ó gbọ́. Bí irú ìyá bẹ́ẹ̀ bá dé sí Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́ lọ́la, tí gbólóhùn náà kò sì sí nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́, a kò ní lè sọ pé iṣẹ́ àwọn dókítà nìkan ni.